Ṣòkòtò Alfa Sàlàkọ́

Nígbà tí wọ́n pín ogún Alfa Sàlàkọ́ ní Ìsàlẹ̀-Ọba ní Ìwó, kò sí ẹni tó jà, kò sì sí ẹni tí kò rẹ́rìn-ín. Ó lé ní ogójì ọdún tí bàbá náà fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní kéwú, ohun tó fi sílẹ̀ kò sì pọ̀: oko obì kan lọ́nà Kuta, wàláà bíi mélòó kan, awọ àgbò tó fi ń kírun, àti aṣọ sányán kan ṣoṣo tó máa ń wọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ àti lọ́jọ́ ọdún. Ọmọ méjì péré ló kù fún un láyé. Àmúdà ni àgbà, Nàfísátù ni àbúrò, ìyá kan náà ló bí wọn. Òfin Mùsùlùmí sì ti là á sílẹ̀ pé ohun tó bá kan obìnrin, ìlọ́po méjì rẹ̀ ló kan ọkùnrin. Àwọn alfa tó wá pín ogún tẹ́ sányán sílẹ̀, wọ́n wò ó. Agbádá nìyí, bùbá nìyí, kẹ̀ǹbẹ̀ nìyí. Wọ́n gbé agbádá àti bùbá fún Àmúdà, wọ́n gbé kẹ̀ǹbẹ̀ lé Nàfísátù lọ́wọ́. Ìṣirò náà pé, ẹnikẹ́ni ò rí àléébù nínú rẹ̀.

Àwọn obìnrin ilé ló rí i. "Nàfísátù, ìwọ náà ti dọkùnrin. Ọjọ́ wo lo máa wọ̀ ọ́ lọ sọ́jà Odò-Orí, ká lè wá wò ọ́?" Nàfísátù bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tó délé ọkọ rẹ̀, ó ká kẹ̀ǹbẹ̀ náà dáadáa, ó fi káńfọ̀ sí i láàárín, ó tẹ̀ ẹ́ sí ìsàlẹ̀ àpótí. Ó dùn ún díẹ̀, a ò ní purọ́. Kì í ṣe pé ojú agbádá ń pọ́n ọn. Ohun tó ká a lára ni pé bí èèyàn bá jogún ohun kan lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, ó yẹ kó rí nǹkan fi ṣe. Ọdún mẹ́fà ni kẹ̀ǹbẹ̀ náà fi wà nínú àpótí, tí kò rí oòrùn àfi lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, nígbà tí Nàfísátù bá sá a kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́.

Iṣẹ́ tìmùtìmù ni Nàfísátù ń ṣe. Kò sí ilé alfa tàbí ilé olówó ní Ìwó tí wọn ò ti jókòó lórí tìmùtìmù rẹ̀. Òwú àràbà ló máa ń ki sínú wọn, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ ìwọ̀n òwú débi pé bó bá ki tìmùtìmù tán, o lè jókòó lé e fún ọdún mẹ́wàá kó má tẹ̀. Yẹ̀kínì ọkọ rẹ̀ máa ń sọ pé bí òun bá kú, kí wọ́n má tẹ́ nǹkan kan sábẹ́ òun, àfi kí Nàfísátù ki òun lówú kí òun lè tọ́jọ́. Irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí, Ràfíátù, ti wà nílé ọkọ ní Ìbàdàn, àwọn méjèèjì ló kù nílé tí wọ́n jọ ń fi ara wọn ṣẹ̀rín.

Ní ọdún tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé ọ̀fẹ́, Jemimah wọlé tọ Nàfísátù wá ní àárọ̀ ọjọ́ kan. Jemimah yìí ló ń bá obìnrin Òyìnbó kan tọ́jú ọmọ nínú ọgbà ilé-ìwé tó wà lórí òkè. Ó kúnlẹ̀, ó kí i, ó tú àdìpọ̀ aṣọ kan, ó gbé ohun kan tó ti fà ya kalẹ̀. Ajá ló fà á ya, òjò sì ti pa á mọ́ ìta. Orí wà lọ́tọ̀, apá kan ti sọnù, pákó wẹ́wẹ́ ló sì ń dà jáde nínú rẹ̀.

"Kí lèyí?" ni Nàfísátù bi í.

"Béárì ni wọ́n ń pè é, Ìyá Ràfí."

"Ẹran ilé ni àbí ẹran igbó?"

"Ẹran igbó ni. Ìyá ọmọ náà ní ó tóbi tó màlúù, pé ó sì máa ń pa èèyàn."

Nàfísátù gbé orí náà, ó wo ojú rẹ̀ fínnífínní. "Wọ́n wá gbé e fún ọmọdé kó máa gbé e sùn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Òyìnbó," ni Nàfísátù wí, ó sì gbé orí náà kalẹ̀.

Ọjọ́ kẹta nìyẹn tí ọmọ náà kò ti jẹun tó ṣeé kà sí oúnjẹ, ohun tó mú kí Jemimah sáré wá nìyẹn. Nàfísátù rí i pé kò sí àtúnṣe fún èyí tó wà nílẹ̀ yìí, tuntun ni wọ́n máa ṣe. Òwú kò wọ́n, abẹ́rẹ́ kò wọ́n. Aṣọ ló wọ́n. Ó wá aṣọ tí àwọ̀ rẹ̀ dà bíi ti ẹranko náà káàkiri ìsọ̀ aláṣọ ní Odò-Orí, pupa ni wọ́n ń nà sí i, dúdú ni wọ́n ń nà sí i, aláràbarà ni wọ́n ń nà sí i. Ó darí wálé, ó jókòó, ó ń ronú. Ẹ mọ ohun tí àgbà máa ń sọ, pé ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà. Ti Nàfísátù kì í tilẹ̀ ṣe nínú àpò. Ṣòkòtò náà gan-an ni.

Ó ṣí àpótí, ó gbé kẹ̀ǹbẹ̀ Bàbá lé itan. Àwọ̀ sányán náà dà bí erùpẹ̀ ọ̀nà oko nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó wúwo, ó sì ṣì ń rùn bíi tàdáwà tí Bàbá fi ń kọ wàláà àti káńfọ̀. Kẹ̀ǹbẹ̀ àwọn àgbà ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan fẹ̀ tó aṣọ ìbora ọmọdé. Ó wà níbẹ̀ títí àdúrà Àìlà fi tó. Nígbà tó kírun tán, ó mú àlùmọ́gàjí, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú o. Ọmọdé ni, kò tíì jẹun," ó sì gé e.

Gẹ́rẹ́ tó gé e, ara rẹ̀ yá. Ó fi ìyarun ya ojú sányán náà títí ó fi yọ irun díẹ̀díẹ̀ bí irun ẹran. Ó rán orí, ó rán etí méjèèjì roboto, ó fi bọ́tìnnì dúdú ṣe ojú. Ìgbà tó kan ẹsẹ̀ ló rí i pé àwọn tó ṣe ti àkọ́kọ́ kò mọ iṣẹ́. Ńṣe ni ẹsẹ̀ béárì Òyìnbó yẹn nà síwájú gbọọrọ bí ẹni tó jókòó ti ògiri. Ta ló máa pọ̀n ọ́n bẹ́ẹ̀? Ọmọ tí kò ṣeé pọ̀n, kí ni ìyá rẹ̀ fẹ́ fi ṣe? Nàfísátù bá wọn tún un ṣe. Ó la ẹsẹ̀ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́, ó ká a lórúnkún, ó jẹ́ kí ikùn rẹ̀ pẹlẹbẹ kó lè lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn, ó sì na apá rẹ̀ síwájú kó lè di èjìká mú.

Ohun kan ló kọ̀ láti ṣe. Kò fi ẹnu sí i. Ọmọ alfa ni, ó sì gbọ́ kéwú díẹ̀. Ó ní ẹni tó bá ṣe ojú, tó ṣe imú, tó tún wá la ẹnu fún un, onítọ̀hún ti ń bá Ọlọ́run du iṣẹ́. Jemimah wò ó, ó ní, "Ìyá Ràfí, báwo ló ṣe máa jẹun?" Nàfísátù dá a lóhùn pé èyí tó ń pa èèyàn jẹ lọ́hùn-ún, òun ló nílò ẹnu.

Lọ́jọ́ kẹta tó ti gbé béárì náà lọ, Jemimah padà dé pẹ̀lú garawa bisikíìtì kan. Ó ní ọmọ náà gba béárì, ó wò ó síwá, ó wò ó sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí Jemimah, ó ní kó bá òun fi ọ̀já dì í. Láti ìgbà náà ló ti ń pọ̀n ọ́n kiri ọgbà, tó ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, tó sì ti jẹ ẹ̀bà tán. Nàfísátù fi apá aṣọ nu ojú, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọdún mẹ́fà ni kẹ̀ǹbẹ̀ yẹn ti wà nílẹ̀, òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ jogún bàbá rẹ̀ ni.

Báyìí ló di pé ó ń ṣe béárì. Kì í ṣe é fún ọjà. Ó máa ń wo ọmọ kan, yóò pẹ́ tó máa fi wò ó, yóò wá lọ ṣí àpótí wò bóyá apá ibì kan wà lára kẹ̀ǹbẹ̀ Bàbá tó jọ ọmọ náà. Ohun tó mú kí wọ́n má bára wọn dọ́gba nìyẹn. Bọ́sẹ̀, ọmọ ìlú Olúpọ̀nnà tó máa ń kó òkúta àti ìkarawun ìgbín kiri, Nàfísátù gé ibi àpò fún un, béárì tirẹ̀ ní àpò nínú ikùn. Ọmọ kan wà ní àdúgbò tí kì í gbọ́ràn, ìdí kẹ̀ǹbẹ̀ ló fi ṣe tirẹ̀, ó ní kí ó máa rántí ibi tí pàṣán ń bá. Ọ̀kan jáde láti ibi orúnkún, níbi tí ìrun kíkí ti mú kí aṣọ náà fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà. Ọ̀kan wá láti etí ẹsẹ̀ tí wọ́n ṣọnà sí, òmíràn láti ibi okùn ṣòkòtò, ìyẹn sì gùn gbọọrọ, Yẹ̀kínì tó ga tínínrín ní òun ni wọ́n fi ń ṣẹlẹ́yà.

Èyí tí àwọn èèyàn ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ jù ni ti Fàtímọ̀ ní Kuta. Ìyá ọmọ yìí ló ń kó òwú àràbà wá fún Nàfísátù. Àpá tàdáwà kan wà lórí itan kẹ̀ǹbẹ̀ Bàbá tí kò ṣeé fọ̀, ó sì ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí Nàfísátù. Ó yí aṣọ náà bọ̀ títí àpá yẹn fi bọ́ sí góńgó imú. Béárì Fàtímọ̀ ní imú dúdú tí kì í ṣe òwú, tí kì í ṣe bọ́tìnnì. Àwọn ìyá mìíràn wá bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe irú rẹ̀ fún àwọn. Ó ní, "Kò burú. Ẹ lọ bá mi bẹ Bàbá kó tún da tàdáwà sára."

Béárì méje ló ṣe láàárín ọdún méjì. Ohun tó kù nínú àpótí kò ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ.

Ní gbogbo ìgbà yìí, Àmúdà kò sí nílé. Obì ló ń gbé lọ Kánò, ọdún Iléyá nìkan ló máa ń gbé e wálé. Ẹ̀gbọ́n rere ni. Kò sí ẹrù tó bọ̀ láti òkè ọ̀hún tí kò ní nǹkan Nàfísátù nínú, kò sì sí ìgbà tó wọlé tí kì í kọ́kọ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà kó ké pè é pé "Àbẹ̀ní", kó tó yọ bàtà lẹ́sẹ̀. Oríkì tí Bàbá fi ń pè é ni, kò sì sí ẹlòmíràn tó kù láyé tó ń fi pè é.

Ọjọ́ Sátidé kan, ohùn náà dún lẹ́nu ọ̀nà. "Àbẹ̀ní." Nàfísátù sáré jáde, ó kúnlẹ̀. Àmúdà jókòó lórí tìmùtìmù, ojú rẹ̀ ń dán.

"Wọ́n ti mú mi," ni Àmúdà wí. "Jímọ̀ tó ń bọ̀ yìí ni wọ́n máa wé láwàní fún mi. Ọ̀tún Bàbá Àdínnì."

Nàfísátù dúpẹ́, ó súre, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé ọwọ́ sókè.

"Aṣọ Bàbá ni mo fẹ́ wọ̀. Agbádá wà lọ́wọ́ mi, bùbá wà. Àbẹ̀ní, bá mi wá kẹ̀ǹbẹ̀ ọwọ́ rẹ kó pé. Mo máa dá a padà fún ọ, ìpín tìrẹ ni."

Ìgbà tí èèyàn bá ti kúnlẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò sí ibi tó tún máa ṣubú sí mọ́. Nàfísátù la ẹnu. Ohun tó yẹ kó sọ wà lórí ahọ́n rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dùn jù. "Ó wà, Ẹ̀gbọ́n," ló jáde. Irọ́ sì kọ́: ó wà lóòótọ́, ọ̀kan wà ní Kuta, ọ̀kan wà ní Olúpọ̀nnà, ìyókù wà káàkiri Ìwó lẹ́yìn àwọn ọmọ.

Nígbà tí Yẹ̀kínì dé, ó bá a níbi tó jókòó sí. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó mí kanlẹ̀. "Kí lo fẹ́ ṣe?"

"Mo máa lọ kó wọn, mo máa tú wọn, mo máa rán wọn padà."

"Nàfí, ta ló ti dá àkàrà padà sí ẹ̀wà rí?"

Lọ́jọ́ Ajé, ó wọ lọ́rì lọ sí Kuta. Yẹ̀kínì sìn ín dé ìdíkọ̀, ó ní, "Odídẹrẹ́ kì í kú sóko ìwájẹ. Wàá lọ, wàá bọ̀. Bóyá lọ́wọ́ òfo ni mi ò mọ̀."

Fàtímọ̀ ló kọ́kọ́ rí i. Ọmọ ọdún méje ni. Ó sáré pàdé rẹ̀ pẹ̀lú béárì lẹ́yìn, ó kúnlẹ̀, béárì náà sì yọrí lókè èjìká rẹ̀ pẹ̀lú imú dúdú yẹn. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn: ó ti kọ́ ọ ní fátíà dé ìdajì, orúkọ rẹ̀ ni Alfa Kékeré, kì í sunkún bí òun ò bá sunkún. Nàfísátù na ọwọ́, ó gbà á, ó fi imú kan án. Káńfọ̀ ti lọ. Òórùn epo àti èéfín àti ọmọdé ló kù lára rẹ̀. Ó tún un pọ̀n fún un, ó so ọ̀já rẹ̀ kó dúró dáadáa.

"Ṣé ẹ fẹ́ gbà á lọ ni, Ìyá?" ni Fàtímọ̀ bi í.

"Rárá o. Mo wá wò ó ni. Ṣòkòtò bàbá mi ni, alfa gidi ni bàbá mi. Ọmọ wọn ni wọ́n máa wé láwàní fún lọ́jọ́ Jímọ̀ yìí ní Ìwó."

Irú ọ̀rọ̀ yìí ló bá Bọ́sẹ̀ sọ ní Olúpọ̀nnà lọ́jọ́ kejì, nígbà tí ọmọ náà ti ka òkúta mọ́kàndínlógún tó wà nínú àpò béárì rẹ̀ fún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní Ìwó náà, bí ó ṣe ń wọ ilé kan ló ń jáde, kò sí ibi tó ti lè sọ ohun tó bá wá. Àwọn ìyá ọmọ ń gbé omi fún un mu, wọ́n ń bi í pé ṣé kò sí láburú, òun náà ń dá wọn lóhùn pé ẹ̀gbọ́n òun ló ń joyè, òun wá pè wọ́n ni. Nígbà tó fi máa di ọjọ́rú, ó ti pe gbogbo wọn tán láìrò ó tẹ́lẹ̀.

Ó wá lọ bá Àmúdà. Ó kúnlẹ̀ sí ìloro, kò wọlé.

"Ẹ̀gbọ́n, mo ti gé e."

"O gé kí ni?"

"Kẹ̀ǹbẹ̀ Bàbá. Ó ti tó ọdún méjì. Mo fi ṣe béárì fún àwọn ọmọdé."

"Kí ló ń jẹ́ béárì?"

Nàfísátù fẹ́ ṣàlàyé, ṣùgbọ́n kò sí bí èèyàn ṣe lè ṣàlàyé béárì fún ẹni tí inú ń bí. Ó ní ẹranko ni, ó rí bí ajá, kò rí bí ajá, ó ní etí roboto. Àmúdà dìde, ó jókòó, ó tún dìde.

"Aṣọ tí Bàbá wa fi ń forí kanlẹ̀ fún Ọlọ́run," ló wí, "ìyẹn lo fi ṣe ẹranko. Ẹranko tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ rí. O sì wí fún mi lójú pé ó wà."

"Ẹ foríjì mí, Ẹ̀gbọ́n."

"Mo ti gbọ́. Máa lọ sílé. Má bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, àfi ọjọ́ tí mo bá pè ọ́."

Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. Nàfísátù rìn délé, ó ń gbọ́ gbólóhùn yẹn ní gbogbo ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n kan ṣoṣo ló ní lókè eèpẹ̀. Bí ìyẹn kò bá pè é mọ́, orúkọ Àbẹ̀ní ti tán láyé nìyẹn. Ó sunkún lọ́jọ́ náà dáadáa, Yẹ̀kínì tó máa ń ṣàwàdà kò rí ẹyọ kan ṣe.

Ọjọ́ Jímọ̀ dé. Wọ́n kírun tán, wọ́n wé láwàní fún Àmúdà ní mọ́sáláṣí, gbogbo ayé sì tẹ̀ lé e wá sí àgbàlá Alfa Sàlàkọ́ lábẹ́ àtíbàbà. Agbádá sányán wà lọ́rùn rẹ̀, ṣòkòtò funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló wọ̀ sí i, àwọn àgbà sì ń wò ó lẹ́sẹ̀. Orí tìmùtìmù tí àbúrò rẹ̀ ki ló jókòó sí. Nàfísátù wà lẹ́yìn lọ́dọ̀ àwọn obìnrin, ó ń bu ìrẹsì sínú àwo. Kò sí ẹni tó lè lé ọmọ onílé kúrò nídìí ìkòkò, ṣùgbọ́n kò bọ́ síwájú.

Jemimah ló kọ́kọ́ wọlé, ó fa ọmọ Òyìnbó lọ́wọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni lọ́rì Kuta já èrò sílẹ̀, ìyá Fàtímọ̀ dé pẹ̀lú ẹrù obì. Àwọn ará Olúpọ̀nnà dé. Àwọn ìyá Ìsàlẹ̀-Ọba dé. Olúkúlùkù mú ọmọ tirẹ̀ wá, torí pé Nàfísátù fẹnu ara rẹ̀ pè wọ́n, aṣọ bàbá olóyè sì wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ti di ará ilé. Wọ́n to àwọn ọmọ náà síwájú olóyè tuntun kí wọ́n kí i. Ọmọ méje kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tó fi mọ́ ọmọ Òyìnbó, bí Jemimah ti kọ́ ọ. Bí wọ́n ti tẹrí ba, béárì méje yọjú lẹ́yìn wọn, gbogbo wọn gbé ojú sókè, wọ́n ń wo Àmúdà.

Nàfísátù rí i láti ibi tó wà. Ṣíbí ìrẹsì dúró lọ́wọ́ rẹ̀.

Àmúdà kò súre fún wọn. Fàtímọ̀ ló ń wò, tàbí kí a ní béárì Fàtímọ̀. Ó na ọwọ́. Fàtímọ̀ rò ó díẹ̀, ó tú ọ̀já, ó gbé e fún un. Olóyè fi àtàǹpàkò ra imú dúdú náà, ó rà á títí.

"Èmi ni mo da tàdáwà yìí," ló wí. Kò sọ ọ́ sókè, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́. "Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá, mò ń kọ wàláà, mo da gbogbo ìgò tàdáwà sí wọn lórí itan. Ọjọ́ ọdún ni, aṣọ náà ò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan. Mo ti ń retí igbájú. Bàbá wo aṣọ, wọ́n wò mí, wọ́n ní, 'Kò ní parẹ́. Máa wò ó, kí o máa rántí ṣọ́ ọwọ́ rẹ.' Gbogbo Jímọ̀ tí mo bá wà nílé títí wọ́n fi kú ni mo fi ń wò ó. Ìdí tí mo fi fẹ́ kẹ̀ǹbẹ̀ yẹn nìyí. Mo fẹ́ kó wà lórí itan mi lónìí."

Omi lé sí i lójú, kò nù ún. Ó gbé béárì náà lé itan rẹ̀ gan-an, imú rẹ̀ kọjú síta. Ó wá gbé ojú sókè, ó wo ọ̀nà ìdí ìkòkò.

"Àbẹ̀ní."

Ẹ ò rí bí Nàfísátù ṣe já síwájú. Ṣíbí ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó kúnlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n."

"Kí ló dé tí wọn ò lẹ́nu?"

"Kí wọ́n má baà wá fẹjọ́ mi sùn yín ni."

Ẹ̀rín bú lábẹ́ àtíbàbà, olóyè fúnra rẹ̀ rín títí láwàní fi fẹ́ tú. Nígbà tó mí tán, ó nawọ́ sí àwọn ọmọ náà. "Nígbà tí a pín kẹ̀ǹbẹ̀ Bàbá, ẹsẹ̀ méjì ló ní. Mélòó ló ní báyìí?"

"Mẹ́rìnlá," ni Yẹ̀kínì dáhùn láti ẹ̀yìn, ó ti ń kà á tẹ́lẹ̀.

"Ogún tìrẹ ń bí sí i," ni Àmúdà wí fún àbúrò rẹ̀. "Tèmi wà bí mo ṣe gbà á."

Ayàwòrán tí wọ́n pè wá gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lé ẹsẹ̀ igi mẹ́ta, ó wọ abẹ́ aṣọ dúdú. Fàtímọ̀ gbà kí béárì wà lórí itan Bàbá olóyè títí wọ́n máa fi ya àwòrán tán, ṣùgbọ́n ó kọ̀ láti kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó má lọ jẹ́ pé wọ́n fẹ́ gbé e sá lọ. Bí àwòrán náà ṣe rí nìyẹn lára ògiri ìloro wọn: Ọ̀tún Bàbá Àdínnì nínú agbádá sányán, ẹranko tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ rí lórí itan rẹ̀, àti ọmọ Kuta kan tó fajú ro lápá ọ̀tún.

Lẹ́yìn tí wọ́n jẹ, tí wọ́n mu, Nàfísátù jókòó síbi ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí ẹní. Ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀, inú rẹ̀ dùn, kò tiẹ̀ mọ ohun tí ojú rẹ̀ ń ṣe. Apá agbádá náà wà níwájú rẹ̀ gan-an, ó fẹ̀, kò lábùkù, àwọ̀ rẹ̀ sì mọ́ ju ti kẹ̀ǹbẹ̀ lọ. Ó fi ìka méjì wọ̀n ọ́n láìròtẹ́lẹ̀, láti etí dé ibi iṣẹ́ ọnà.

Àmúdà wo ìka náà, ó fa apá aṣọ rẹ̀ mọ́ra.

"Àbẹ̀ní, má wo ẹ̀wù mi bẹ́ẹ̀," ló wí. "Mo ṣì ń wọ̀ ọ́."